Apani Tó Ń Wò Kó Tó Pa

Ìyá àgbà náà kò dúró de dókítà. Ó ní kí wọ́n gbé ọmọ náà wá sẹ́bàá fèrèsé, ó ká ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ó yẹ ẹ̀yìn etí rẹ̀ wò, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra á láyà. Ọjọ́ kẹrin rèé tí ara ọmọ náà ti ń gbóná janjan, tí ojú rẹ̀ pọ́n, tó ń wúkọ́, tí imú rẹ̀ ń ṣomi. Nígbà tí ìyá àgbà rí àwọn kókó pupa wẹẹrẹ tó ti ń yọ létí irun, tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ sí ọrùn, ó mí kanlẹ̀.

"Èèyi ni," ó wí fún ìyá ọmọ. "Ó ti ń sú. Èyí tó bá kọ̀ tí kò sú síta ni kó o máa bẹ̀rù."

Ìbàdàn ni èyí ti ṣẹlẹ̀, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àmọ́ ta ni kò tíì gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí ní ilẹ̀ Yorùbá? Àwọn àgbà gbà pé èèyi tó bá jókòó sínú ló ń pa ọmọ, pé èyí tó sú ti ń bọ́ lára nìyẹn. Nọ́ọ̀sì kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kan nítòsí ibẹ̀ sọ pé òun kì í bá wọn jiyàn lórí èyí. "Ẹmu tí wọ́n fi ń pa ọmọ lára ni mo máa ń bá wọn jà sí, àti àjẹsára oṣù mẹ́sàn-án tí wọn ò gbé ọmọ wá gbà. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kó sú, mo mọ ohun tí wọ́n rí."

Ohun tí wọ́n rí náà, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ rí i lọ́nà tiwọn. Ní ọdún 1959, John Enders àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Boston, ní Amẹ́ríkà, bá fáírọ́ọ̀sì èèyi nínú ẹ̀dọ̀fóró àwọn ọmọ tó ti kú, bẹ́ẹ̀ sì ni èèyi kankan kò sú sí wọn lára nígbà tí wọ́n wà láàyè. Ara irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ti di aláìlágbára tẹ́lẹ̀ nítorí àìsàn bíi jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Lọ́wọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, àwọn ọmọ kan wà tí a bí láìlè ṣe antíbọ́dì, àwọn purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ tí ara fi ń di àrùn mú, rárá. Èèyi sú sí àwọn yẹn lára bó ṣe ń sú sí ara ọmọ gbogbo, wọ́n sì gbádùn.

A jẹ́ pé kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì nìkan ló ń ya àwọn kókó pupa náà sára. Ìjà ló ń lọ lábẹ́ awọ. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ti rìn láti inú ẹ̀jẹ̀ wá síbẹ̀, wọ́n sì ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì ara ọmọ náà fúnra rẹ̀ tí fáírọ́ọ̀sì ti wọ̀ sínú. Sẹ́ẹ̀lì T apani ni àwọn onímọ̀ ń pe àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí.

Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré

Ní ọdún 2015, Ọ̀jọ̀gbọ́n Gillian Griffiths àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Cambridge, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé fídíò kan jáde tó jẹ́ kí ará ìta lè fojú ara rẹ̀ rí ìpànìyàn tí kò láriwo yìí. Ohun tí a ń wò níbẹ̀ kéré débi pé tí a bá to ọgọ́rùn-ún irú rẹ̀ sórí ìlà kan, mìlímítà kan ni gbogbo wọn á gùn. Síbẹ̀, wọ́n pọ̀: nínú ẹ̀jẹ̀ tó kún ṣíbí ìpotíì kan, sẹ́ẹ̀lì T tó wà níbẹ̀ tó mílíọ̀nù márùn-ún.

Lójú fídíò náà, sẹ́ẹ̀lì apani kì í dúró sójú kan. Ó ń rá kiri, ó ń na apá sí iwájú, ó ń fọwọ́ kan sẹ́ẹ̀lì tó bá pàdé, ó tún ń kọjá lọ. Ọ̀pọ̀ ló fọwọ́ kàn tí kò ṣe ní nǹkan kan. Lójijì ó kan ọ̀kan tó jẹ́ ti jẹjẹrẹ, ó sì dúró. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ lé e lára. Awọ àwọn méjèèjì lẹ̀ mọ́ra wọn pinpin, kò sí àlàfo tí nǹkan lè gbà jò sí ẹ̀gbẹ́.

Nínú ikùn apani náà, àwọn àpò kéékèèké kan wà tí oró wà nínú wọn. Nígbà tó ń rìn kiri, ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbé. Ní kété tó bá di ohun tó ń wá mú, gbogbo àwọn àpò náà á wọ́ tẹ̀lé ara wọn wá sí ojú ibi tí awọ méjèèjì ti pàdé, wọn á sì tú ohun tó wà nínú wọn sí agbedeméjì náà, síbẹ̀ nìkan.

Oró méjì ló ṣe pàtàkì níbẹ̀. Perforin ni àkọ́kọ́. Níwọ̀n ìgbà tó bá wà nínú àpò, kíkan tó wà nínú àpò náà kì í jẹ́ kó lè ṣe ohunkóhun. Bó bá ti bọ́ síta tó pàdé kálísíọ̀mù, á so mọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n á ṣe òrùka, òrùka náà á sì di ihò lára sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n dojú kọ. Àwọn olùwádìí ní Melbourne wọn àkókò tí ihò náà ń lò: kì í tó ìṣẹ́jú méjì tí sẹ́ẹ̀lì náà fi ń rí i dí. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Oró kejì, granzyme, ti gba ibẹ̀ wọlé.

Granzyme kì í fọwọ́ ara rẹ̀ parí iṣẹ́. Gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara wa ló ní ètò tí wọ́n fi lè pa ara wọn, tó ń sùn sínú wọn látìgbà tí wọ́n ti wà. Granzyme kàn ń gé àwọn purotéènì kan ni, ètò náà á sì jí. Láti ìgbà náà lọ, sẹ́ẹ̀lì tó gbàlejò fáírọ́ọ̀sì á bẹ̀rẹ̀ sí í já ara rẹ̀ sí wẹ́wẹ́: á gé DNA rẹ̀, á sún kì, ara rẹ̀ á máa ta roro, á wá fọ́ sí kéékèèké tí àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn á gbé mì. Apoptosis ni orúkọ tí onímọ̀ mẹ́ta ní Aberdeen, ní Scotland, fún irú ikú yìí ní ọdún 1972.

Ìdí tí ọ̀nà yìí fi dára ju kí sẹ́ẹ̀lì kàn bẹ́ lọ ni pé èyí tó bá bẹ́ á tú fáírọ́ọ̀sì inú rẹ̀ sára àwọn aládùúgbò. Èyí tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀ á kó ọ̀pọ̀ fáírọ́ọ̀sì náà kú.

Ẹni bá ronú díẹ̀ á béèrè pé: kí ló dé tí oró tó ń lu awọ sẹ́ẹ̀lì kò lu awọ ẹni tó tú u? Ọ̀rọ̀ yìí da àwọn onímọ̀ láàmú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2019, àwọn olùwádìí ní ilé ìwòsàn jẹjẹrẹ Peter MacCallum ní Melbourne fi hàn pé bí ọ̀rá ṣe tò sára awọ apani ló ń gbà á. Ó tò pọ̀ ṣìnkìn débi pé perforin kò rí ibi wọ̀, bó bá sì rí ibi kan lẹ̀ mọ́, ọ̀rá mìíràn wà níbẹ̀ tó máa dè é mọ́lẹ̀ tí kò fi ní lè di ihò. Apani á wá yọ ara rẹ̀ kúrò, á tún máa lọ wá òmíràn.

Àtẹ tó wà lójúde

Pípa ni gbogbo èèyàn máa ń fẹ́ gbọ́. Ní tòótọ́, òun ló rọrùn jù nínú iṣẹ́ náà. Ibi tó le ni mímọ ẹni tó yẹ kó kú láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù tí kò yẹ.

Fáírọ́ọ̀sì kì í dúró síta. Inú sẹ́ẹ̀lì ló ń wọ̀, ìta sẹ́ẹ̀lì náà kì í sì sábà yí padà. Báwo ni ẹni tó wà níta ṣe máa mọ ohun tó ń lọ nínú yàrá? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ń pàtẹ. Gbogbo purotéènì tó bá ń ṣe nínú ilé, á bù lára rẹ̀, á gé e sí tẹ́ẹ́rẹ́, á sì gbé e sórí àtẹ lójúde, kí ẹni tó ń kọjá lè rí ohun tí wọ́n ń sè nínú ilé. Àtẹ náà ni wọ́n ń pè ní HLA. Bí ilé bá tòrò, ọjà ilé nìkan ló máa wà lórí rẹ̀, apani á wò ó, á kọjá. Bí fáírọ́ọ̀sì bá ti gba ilé, ọjà tirẹ̀ náà á yọ sórí àtẹ. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà ń pàtẹ, ọjà tó ti bàjẹ́ sì máa ń fojú hàn lórí tirẹ̀.

Ìlú Canberra, ní Australia, ni wọ́n ti kọ́kọ́ tú àṣírí yìí. Lọ́dún 1973, Rolf Zinkernagel, dókítà kan láti Switzerland, dé sí ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí John Curtin. Yàrá ìwádìí kan náà ni òun àti Peter Doherty jọ ń lò. Dókítà ẹranko ni Doherty, láti Queensland. Àwọn méjèèjì ń wá ohun tó ń pa eku tí wọ́n fún ní fáírọ́ọ̀sì kan tó ń kọ lu ọpọlọ, torí ó jọ pé kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì náà ló ń ba ọpọlọ jẹ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì T tó wá bá a jà ni.

Wọ́n da àwọn sẹ́ẹ̀lì T láti ara eku tó ṣàìsàn pọ̀ mọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn nínú abọ́ ìwádìí, sẹ́ẹ̀lì tí fáírọ́ọ̀sì ti wọ̀ tí wọ́n sì ti fi kẹ́míkà chromium onítànṣán sínú rẹ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì bá kú, chromium á jò jáde, ẹ̀rọ á sì kà á. Ìgbà tí wọ́n lo sẹ́ẹ̀lì eku tó jẹ́ ìran kan náà, chromium jò púpọ̀. Ìgbà tí wọ́n lo ti eku ìran mìíràn, kò jò, bẹ́ẹ̀ fáírọ́ọ̀sì kan náà ló wà nínú méjèèjì.

Ohun tí kò bójú mu nìyẹn lójú ìmọ̀ ìgbà náà. Bó bá jẹ́ pé fáírọ́ọ̀sì nìkan ni apani ń wá, kí ló kàn án pẹ̀lú ìran ẹni tó gbé e? Àwọn méjèèjì dáhùn ún nínú ìwé ìròyìn Nature lọ́dún 1974: ohun méjì ni sẹ́ẹ̀lì T ń wò pa pọ̀, ọjà àti àtẹ tí wọ́n gbé e lé. Bí àtẹ náà kò bá jẹ́ irú ti ilé rẹ̀, ojú rẹ̀ kò ní rí ọjà. Ọdún méjìlélógún lẹ́yìn ìgbà náà, ní 1996, wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel.

Àwọn fáírọ́ọ̀sì kan gbọ́n sí ọ̀rọ̀ yìí ju àwa lọ. HIV ń fa àtẹ wọlé kí apani má bàa rí nǹkan kan kà. Ara náà sì ní ẹ̀tàn tirẹ̀ fún un: sẹ́ẹ̀lì mìíràn wà, NK ni orúkọ rẹ̀, tó jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì tí kò bá pàtẹ rárá ló ń wá pa. Klas Kärre, ní Stockholm, ló là á yé ayé ní 1986.

Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ

Títí di ọdún 1961, kò sí ẹni tó ka thymus sí. Ẹ̀yà ara tó rọ̀ ni, ẹ̀yìn egungun àárín àyà ló wà. Ó máa ń tóbi lára ọmọdé, ó máa ń sún kì bí èèyàn ṣe ń dàgbà, àwọn oníṣègùn sì gbà pé kò wúlò. Jacques Miller, tó ń ṣèwádìí nípa jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ní London, yọ ọ́ kúrò lára àwọn ọmọ eku ní kété tí wọ́n bí wọn. Àwọn eku náà kò lè gbógun ti àrùn mọ́. Nígbà tó mú awọ eku mìíràn lẹ̀ mọ́ wọn lára, wọn kò kọ̀ ọ́, ara wọn gbà á láìjanpata.

Inú thymus ni sẹ́ẹ̀lì T ti ń gba ẹ̀kọ́, ẹ̀kọ́ náà sì rorò. Láti inú mùdùnmúdùn eegun ni wọ́n ti ń wá, inú thymus sì ni sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ti ń ní ohun ìmọ̀ tirẹ̀, láìmọ ohun tó máa bá pàdé láyé. Èyí tí kò bá lè ka àtẹ ara rẹ̀ rárá, á kú síbẹ̀. Èyí tó bá fẹ́ pa sẹ́ẹ̀lì tí ara rẹ̀ yá, á kú síbẹ̀ pẹ̀lú. Nínú ọgọ́rùn-ún tó wọlé, àwọn tó ń jáde kì í pé márùn-ún.

Apani tí kò lè pa

Ẹni tó bá rò pé kí apani di aláìlóró yóò jẹ́ ìsinmi fún ara, kó gbọ́ nípa àwọn ọmọ tí a bí láìní perforin. Lọ́dún 1952, oníṣègùn méjì ní Edinburgh kọ̀wé nípa àìsàn kan tó ń pa àwọn ọmọ ìyá kan náà ní kékeré: ibà tí kì í lọ, inú tó wú, ẹ̀jẹ̀ tó ń gbẹ. Ọdún 1999 ni wọ́n tó mọ̀ pé àbùkù nínú àjogúnbá perforin ló ń fa ọ̀kan nínú irú àìsàn náà.

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé àìsàn náà kò jọ ti ẹni tí agbára ara rẹ̀ ti tán. Agbára ló pọ̀ jù. Sẹ́ẹ̀lì T ọmọ náà ń rí ọ̀tá, ó ń dì mọ́ ọn, ó ń tú àpò rẹ̀, ṣùgbọ́n ihò kò lù, ọ̀tá kò kú. Nítorí ọ̀tá kò kú, apani kò mọ̀ pé iṣẹ́ ti parí, kò sì lè fi í sílẹ̀. Àwọn olùwádìí ní Melbourne rí i ní 2015 pé ó ń dúró ní ìdìmọ́ra náà nígbà márùn-ún ju bó ṣe yẹ lọ. Ní gbogbo àkókò yẹn, ó ń ké sí àwọn mìíràn, ó ń tú àwọn kẹ́míkà tó ń fa ibà àti wíwú jáde, títí ara ọmọ náà á fi gbiná. Ikú ọ̀tá ló ń tú apani sílẹ̀.

"Ìgbà tí mo kà á, ó dà bíi pé wọ́n yí gbogbo ohun tí mo kọ́ padà," ni dókítà àwọn ọmọdé kan tó ti ṣiṣẹ́ ní Èkó àti ní London sọ. "A máa ń sọ fún àwọn òbí pé ara ọmọ ń jà. A kì í sọ fún wọn pé ó yẹ kó mọ ìgbà tí yóò jáwọ́." Pípààrọ̀ mùdùnmúdùn eegun ni ìwòsàn tó dájú fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ojú rẹ̀ bá ṣì í

Ìgbà mìíràn, sẹ́ẹ̀lì tí kò yẹ kó jáde nínú thymus á jáde. Nínú àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní, èyí tó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́mọdé, àwọn sẹ́ẹ̀lì apani wà lára àwọn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe insulin. Wọ́n ń pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, láìyára, ìgbà tí àìsàn náà bá sì fi máa fojú hàn, ọ̀pọ̀ wọn ti lọ. Ọmọ náà yóò máa gba abẹ́rẹ́ títí ayé.

Ìgbà mìíràn sì rèé, kì í ṣe ojú ló ṣì í, àwa la gbé àjèjì wọlé. Ọ̀rọ̀ àtẹ tí wọ́n rí lára eku ní Canberra ló fà á tí a kì í fi lè mú mùdùnmúdùn eegun ẹnikẹ́ni fún ẹnikẹ́ni. Irú HLA tó wà láyé kò lóǹkà, ti àwa aláwọ̀ dúdú sì pọ̀ lóríṣi ju ti àwọn yòókù lọ, torí Áfíríkà ni ìran ènìyàn ti gbé pẹ́ jù. Àbùkún ni lójú àrùn, ìṣòro ni lójú aláìsàn. Lórí ìwé ìforúkọsílẹ̀ àwọn afúnni-ní-mùdùnmúdùn ní Amẹ́ríkà, nǹkan bíi 79 nínú ọgọ́rùn-ún aláwọ̀ funfun ló lè rí ẹni tó bá wọn mu dáadáa. Ti aláwọ̀ dúdú kò ju nǹkan bíi 29 lọ.

Ṣeun Adébíyì, ọmọ Nàìjíríà tó kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Yale, bá ìṣòro yìí pàdé nígbà tí jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ mú un ní 2009. Ẹ̀jẹ̀ inú ìwọ́ ọmọ tuntun ni wọ́n fi tọ́jú rẹ̀. Ó wá ṣiṣẹ́ kí wọ́n lè dá ìwé ìforúkọsílẹ̀ àwọn afúnni-ní-mùdùnmúdùn sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní Enugu ní 2012. Nọ́ọ̀sì ọmọ Yorùbá kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka jẹjẹrẹ ní London sọ pé àwọn èèyàn wa ṣì ń bẹ̀rù. "Wọ́n á ní, 'Ṣé wọ́n fẹ́ fa ọ̀pá ẹ̀yìn mi gbẹ ni?' Mo máa ń ṣàlàyé pé ọ̀pọ̀ ìgbà, bí ẹni ń fúnni lẹ́jẹ̀ náà ni."

Bíréèkì

Nítorí pé ojú apani lè ṣì í, ara ní bíréèkì tó ń fi dá a dúró. Jẹjẹrẹ sì mọ ibi tí bíréèkì náà wà, ó máa ń tẹ̀ ẹ́. Tasuku Honjo, ní Kyoto, ló rí bíréèkì tí wọ́n ń pè ní PD-1 ní 1992. James Allison, ní Amẹ́ríkà, fi eku hàn ní 1996 pé bí a bá dí bíréèkì mìíràn, CTLA-4, lọ́wọ́, sẹ́ẹ̀lì T lè jẹ jẹjẹrẹ run. Nobel ọdún 2018 di tiwọn.

Ẹni tí ọ̀pọ̀ ará ilé mọ̀ tí oògùn yìí ṣiṣẹ́ fún ni Jimmy Carter, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà kan, tí àjọ rẹ̀ bá wa lé sobìyà kúrò ní Nàìjíríà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2015, ó kéde pé jẹjẹrẹ awọ ti wọ òun ní ọpọlọ. Ẹni àádọ́rùn-ún ọdún ni nígbà náà. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n fi ìtànṣán tọ́jú rẹ̀, wọ́n sì fún un ní pembrolizumab, tó ń dí PD-1 lọ́wọ́. Kí ọdún náà tó parí, àyẹ̀wò kò rí jẹjẹrẹ mọ́. Ẹni ọgọ́rùn-ún ọdún ni nígbà tó kú ní oṣù kejìlá 2024. Àwọn mìíràn gba oògùn kan náà, kò sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Àwọn kan wà tí apani tí wọ́n tú bíréèkì rẹ̀ kọjú sí ìfun wọn tàbí ẹ̀dọ̀fóró wọn.

Ọ̀nà kejì ni pé kí wọ́n fa sẹ́ẹ̀lì T aláìsàn síta, kí wọ́n fi ojú tuntun sí i, kí wọ́n sì dá a padà. Ní 2012, ọmọbìnrin ẹni ọdún mẹ́fà kan ní Philadelphia ni ọmọdé àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe é fún. Ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ lára rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí rẹ̀. Oògùn oríkèé-ara ríro ni wọ́n fi pa iná náà, oògùn tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Carl June, ọ̀kan lára àwọn tó ṣe ìtọ́jú náà, mọ̀ torí ọmọ tirẹ̀ ní àìsàn oríkèé. Ọmọ ọdún mẹ́fà náà yè. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí ìtọ́jú náà ní Amẹ́ríkà ní 2017, iye owó tí wọ́n pè é fún ẹnì kan ni 475,000 dọ́là. Ẹni tó bá ń tọ́jú aláìsàn ní ilé ìwòsàn ìjọba nílé á mọ̀ pé kò sí ohun tí a fẹ́ fi owó yẹn wé.

Ohun tí apani kì í gbàgbé, àti ohun tó ń gbàgbé

Lẹ́yìn ìjà, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn apani á kú. Díẹ̀ á kù, wọ́n á máa rántí. Àjẹsára kan tó ń jí irú ìrántí bẹ́ẹ̀ ní í ṣe pẹ̀lú Èkó. Yaba ni àjọ Rockefeller fi ṣe ibùjókòó ìwádìí ibà pọ́njú ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti 1925. Ní 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Asibi ní Gold Coast, tí a ń pè ní Ghana báyìí. Àìsàn náà ń ṣe é wẹ́rẹ́, ó sì yè é. Nínú ọdún yẹn kan náà, Adrian Stokes, ọ̀kan lára àwọn olùwádìí náà, kó ibà pọ́njú, ó sì kú ní Èkó. Fáírọ́ọ̀sì inú ẹ̀jẹ̀ Asibi ni Max Theiler tù lójú ní New York títí ó fi di àjẹsára ní 1937.

Nínú gbogbo àjẹsára tí a mọ̀, díẹ̀ ló ń jí sẹ́ẹ̀lì apani tó ti ibà pọ́njú yìí. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì wọ́n á ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn olùwádìí sì ti rí wọn lára àwọn èèyàn tó gbà á ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ṣáájú. Antíbọ́dì rẹ̀ náà kì í tètè tán. Láti oṣù keje 2016, káàdì yẹ́lò tí àwa arìnrìn-àjò máa ń tún gbà lọ́dún mẹ́wàá-mẹ́wàá tẹ́lẹ̀ ti di ti gbogbo ọjọ́ ayé.

Ṣùgbọ́n ìrántí kan wà tó ń fẹ́ kí a máa rán an létí. Ní Pumwani, ní Nairobi, àwọn olùwádìí Kenya àti Kánádà ti ń tọ́jú àwọn obìnrin tó ń ta ara wọn láti 1985. Díẹ̀ nínú wọn ń bá HIV pàdé léraléra, kò sì mú wọn. Ní 1998, wọ́n rí sẹ́ẹ̀lì apani tó mọ HIV lára àwọn kan nínú wọn. Lẹ́yìn náà, ní 2001, ìròyìn mìíràn jáde: nínú àwọn tí àrùn náà padà wá mú, ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé wọ́n ti sinmi iṣẹ́ náà fún ìgbà díẹ̀.

Ibà tiwa yìí ló wá burú jù. Bí ẹ̀fọn bá jẹni, kòkòrò ibà á sáré lọ sínú ẹ̀dọ̀, á lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀, ibẹ̀ nìkan sì ni apani ti lè rí i. Nígbà tó bá kúrò níbẹ̀, inú sẹ́ẹ̀lì pupa ẹ̀jẹ̀ ló ń wọ̀, sẹ́ẹ̀lì pupa kì í sì í pàtẹ HLA. Gbogbo òtútù, gbogbo orí fífọ́, gbogbo ìgbọ̀nrìrì, ẹ̀yìn ìgbà tí ojú apani ti kúrò lára rẹ̀ ni. Ní 1991, Adrian Hill àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé láti Gambia pé àwọn ọmọ tó ní irú àtẹ kan, HLA-B53, tó wọ́pọ̀ láàárín àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kì í sábà ní ibà tó le. Ìwádìí tó tẹ̀lé e kò fi gbogbo ìgbà fara mọ́ ọn. Hill àti àwọn èèyàn rẹ̀ ní Oxford wá ṣe àjẹsára tó ń rán apani lọ sínú ẹ̀dọ̀. Nígbà tí wọ́n dán an wò lára àwọn ọmọ ọwọ́ ní Burkina Faso, kò dáàbò bò wọ́n.

Oxford náà ló ṣe àjẹsára ibà R21, tí NAFDAC fọwọ́ sí ní oṣù kẹrin 2023, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ ní Kebbi àti Bayelsa ní oṣù kejìlá 2024. Antíbọ́dì ni èyí gbójú lé, láti mú kòkòrò náà kó tó dé ẹ̀dọ̀. Àwọn tí kò tíì jáwọ́ lára apani ń gbìyànjú ọgbọ́n mìíràn: kí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà máa gbé inú ẹ̀dọ̀ kí ẹ̀fọn tó jẹni rárá, dípò kí a máa dúró dè wọ́n láti inú ẹ̀jẹ̀. Lára eku, ó ti ṣiṣẹ́ ní Melbourne àti ní Oxford.